Nígbà Tí A Ṣì Ń Pe Ẹlẹ́wù Osùn Ní ‘Àwa’

Ẹ jókòó dáadáa. Ìwọ tó ń rìn káàkiri yẹn, sinmi. Mo rí bí ẹ ṣe ń wojú ara yín nígbà tí góòlù yẹn wọlé láàárọ̀ yìí. Ẹ fò sókè, ẹ gbá àga mi ṣubú, ẹ̀gbọ́n yín obìnrin figbe ta bí ẹni tí àkekèé ta. Èmi ní kí ẹ bá mi bu omi wá. Ìyẹn ló dẹ́rù bà yín. Àbúrò yín ní, “Grandpa, are you okay?” Mo ní mo wà pa. Ẹ ò gbà mí gbọ́, ẹ ń fọwọ́ kàn mí níwájú orí bóyá ibà ni.

Kì í ṣe ibà. Ẹgbẹ́ tí mo ti ń tẹ̀ lé láti ìgbà tí màmá yín wà ní jẹ́léósinmi ti padà sí ìpele òkè, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ wọn lónìí, wọ́n sì borí, èmi jókòó bí ẹni tó ń dúró de reluwé. Kò dùn mí, kò sì dùn mọ́ mi. Ẹ ní kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Ó dáa, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá dún, òun ni yóò fọ abọ́ lónìí, ẹ jẹ́ kí n ti wí i.

Orúkọ òyìnbó tí ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ le lẹ́nu wa. Nítorí pé aṣọ wọn pupa rúsúrúsú bí osùn tí àwọn ìyá àgbà fi ń pa ara ìkókó, a sọ wọ́n ní Ẹlẹ́wù Osùn. Kò sẹ́nì kan nínú wa tó dé ìlú wọn rí. Ọmọ tiwa kan ló lọ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ nígbà kan, ó lo ọdún díẹ̀, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ síbi tí owó gbé pọ̀. Òun lọ, àwa dúró. Bí èèyàn ṣe ń fẹ́ obìnrin náà nìyẹn, ẹni tó báni wá a ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́.

Láyé ìgbà yẹn, Sátidé kì í ṣe ọjọ́ oorun. Nígbà tí ọ̀sán bá pọ́n ní Ìlú Ọba, àwa níbí ò tíì la ojú, nítorí náà ìdájí ni bọ́ọ̀lù wọn máa ń bọ́ sí fún wa. Màá dìde, màá wẹ̀, màá wọ ẹ̀wù osùn mi tí ìyá ìyá yín ti lẹ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Láti Carrollton níbí, màá gba fíríwèé kọjá àárín ìlú Dallas, kọjá odò, ó di Oak Cliff. Ọ̀nà á dá. Àwọn tó ń bọ̀ láti iṣẹ́ alẹ́ nìkan la jọ máa ń pàdé, èmi náà sì máa ń wà lára wọn nígbà míì, torí ilé ìwòsàn ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn tí kò lè mí dáadáa ni mò ń tọ́jú.

Ẹ̀yin ń wo bọ́ọ̀lù lórí ibùsùn, ẹ fi aṣọ bo orí. Ẹnìkan ń wo tirẹ̀ níhìn-ín, èkejì ń wo tirẹ̀ lọ́hùn-ún, nínú ilé kan náà! Mi ò bú yín o. Àwọn àgbà ní àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní. Ẹ̀yin, kálukú yín ló ní, kò wá sí ohun tí ẹ ó jọ jẹ.

Ṣọ́ọ̀bù táyà Alhaji Ráfíù ni à ń lọ. Ọmọ Ọ̀fà ni Alhaji, ó fi díẹ̀ jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ó ń ta táyà, ó ń lẹ èyí tó bá jò. Ó gbé tẹlifíṣàn kan sórí ògiri lẹ́yìn ibi tí ó ń to táyà sí, ó to àga méje-mẹ́jọ síwájú rẹ̀, òórùn rọ́bà tuntun á sì gba gbogbo ibẹ̀. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn táyà, ó máa ń ṣe mí bíi kí n béèrè pé ayò mélòó la ti jẹ.

Ohun tí màá kọ́kọ́ gbọ́ bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ Alhaji. Á máa mí hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀, bí àgbàlagbà tó ń gun òkè. Bó bá kún, á dákẹ́ lójijì, ìgbà náà lẹ óò wá gbọ́ ohùn ẹni tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù. Èyí tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì á tún dáhùn, krrrr! Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ gbá pẹ́nárítì, Alhaji á na ọwọ́ sókè, gbogbo iṣẹ́ á dúró. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan ń kánjú lọ sí Lancaster, níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rù. Ọkọ̀ rẹ̀ wà lórí jáàkì, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní. Alhaji ní, “Ọ̀gá, ẹ ṣe sùúrù, a fẹ́ gbá pẹ́nárítì.” Ọkùnrin náà wò yíká, ó ní, “Àwọn wo ni ‘a’?” Alhaji nawọ́ sí ara rẹ̀, ó nawọ́ sí mi, ó wá nawọ́ sí tẹlifíṣàn. Ọkùnrin náà jókòó tì wá. A gbá a sóde.

Ìyá ìyá yín ló ń dín àkàrà tí à ń jẹ. Á ti rẹ ẹ̀wà láti ọjọ́ Jímọ̀, á bó o, á lọ̀ ọ́, n óò gbé àkàrà gbígbóná sórí àga ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni gbé ìyàwó. Àwa onígbàgbọ́ wà níbẹ̀, àwọn mùsùlùmí wà níbẹ̀. Bí Ramadan bá bọ́ sí àsìkò bọ́ọ̀lù, kò sí ẹni tó sọ fún wa, àwa onígbàgbọ́ á jáde lọ jẹ àkàrà wa nínú ọkọ̀, a ó fọwọ́ nu ẹnu ká tó wọlé. Bó bá sì di oṣù kìn-ín-ní ọdún, tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ń gbààwẹ̀, Alhaji á gbé ìkòkò ògì rẹ̀ wọ yàrá ẹ̀yìn, á tilẹ̀kùn. Ó ní àwẹ̀ tiwa rọrùn ṣá, pé àwọn tó ń jẹun nírọ̀lẹ́ tún ń mu omi lọ́sàn-án, pé ṣé àwẹ̀ nìyẹn àbí oúnjẹ tó pẹ́. A ó rẹ́rìn-ín.

Òfin kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ fetí sílẹ̀, nítorí òun ló dá gbogbo rẹ̀ rú. Bí o bá ń sọ̀rọ̀ Ẹlẹ́wù Osùn, o ò gbọdọ̀ ní ‘wọ́n’. ‘A’ ni. A jẹ ayò méjì. Wọ́n lù wá. Gólì wa ti darúgbó. Ẹni tó bá ṣèèṣì ní “wọ́n gbá a dáadáa lónìí,” Alhaji á ní, “Ta ni wọ́n?” Olúwarẹ̀ ni yóò fọ gbogbo abọ́ ògì. Mo ti rí dókítà tó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè, tó ń fọ abọ́ nínú agbada tí wọ́n fi ń yẹ táyà tó jò wò. Kò sẹ́ni tó bínú. Ó máa ń dùn mọ́ wa ni.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan. Ẹ mọ̀ pé mo ní oríkì. Ẹ má béèrè o, ọmọdé kì í pe oríkì àgbà. Ìyá mi ló ń fi pè mí, ìyá ìyá yín gbà á lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí a fẹ́ra. Nígbà tí ìyá ìyá yín kú, mo rò pé ó ti parí. Ẹ̀yin ń pè mí ní Grandpa, màmá yín ń pè mí ní Dádì, ní ṣọ́ọ̀ṣì Bàbá ni mí, ní ilé ìwòsàn wọ́n ń fi orúkọ bàbá mi pè mí, wọn ò sì mọ̀ ọ́n pè. Sátidé àkọ́kọ́ tí mo padà sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìsìnkú, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ mi ò mú nǹkan kan dání, kò sí àkàrà. Alhaji gbójú sókè láti abẹ́ ọkọ̀ kan, ó fi oríkì mi pè mí, tòun ti ìfà ohùn tí àwọn ìyá fi ń pè é. Ó ní, “Wọlé, mo ti dín nǹkan.” Ó dín àkàrà lóòótọ́, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi sílípáàsì. Mo jẹ ẹ́, mo sunkún. Láti ọjọ́ náà, òun nìkan ló kù tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Dallas, bóyá ní gbogbo ayé. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ní mò ń lọ wo bọ́ọ̀lù, kí ẹ mọ ohun tí mò ń lọ gbọ́.

Ó wá di ọjọ́ tí a já sí ìpele kejì. Ọjọ́ ìkẹyìn líìgì ni, ọ̀mì lásán la nílò. Ọ̀mì ò wá. Nígbà tí rẹfirí fọn fèrè, adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Alhaji dorí kodò. Ẹnjinníà Díípọ̀, tó jẹ́ ọ̀dọ́ jùlọ láàrin wa, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, káwọ́ lérí. Èmi ń wo àkàrà tó ń tutù. Ọkùnrin Mẹ́síkò kan, oníbàárà Alhaji tó ń tún òrùlé ṣe, wọlé láti wá gbé táyà rẹ̀. Ó wò wá, ó ṣí fìlà, ó fọwọ́ ya àgbélébùú, ó fọwọ́ kan Alhaji léjìká, ó rọra jáde. Kò gbé táyà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí mo yà síbẹ̀, ọkùnrin náà kó búrẹ́dì dídùn wá fún Alhaji, irú èyí tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń ṣe, páálí kan gbáko, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tó bo orí. Wọ́n ní àwọn wá kí wa kú àṣẹ̀yìndè. Alhaji dúpẹ́, kí ni ì bá sọ? Ìyàwó béèrè irú ẹni tí olóògbé jẹ́. Alhaji wojú mi, mo wojú rẹ̀. Ó ní, “Àgbàlagbà ni. Ó pẹ́ lókè eèpẹ̀.” Wọ́n ní kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. A jẹ búrẹ́dì náà títí di Sátidé. Láti ọjọ́ yẹn, bí ọkùnrin yẹn bá wọlé, Alhaji á yára pa tẹlifíṣàn, kó má baà di pé òkú jí.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Bẹ́ẹ̀ là ń wí fún ara wa. A ní ọdún kan péré, a ó padà sókè. Ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà tà á fún ẹlòmíì, ẹlòmíì tún tà á. Àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù í gbá ká aṣọ wọn, wọ́n lọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kan dé, ó ní òun mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Kí ewé tó wọ́, wọ́n ti lé e. Òmíràn dé, ó lọ. Àbíkú sọ olóògùn dèké. Nígbà tó yá, orúkọ wọn ò dúró lórí mi mọ́. Ní àkọ́kọ́, bí wọ́n bá lù wá, n kì í lè jẹun. Lọ́dún kejì, mo ń jẹun. Lọ́dún kẹta, màá gbàgbé láti béèrè pé ayò mélòó. Níbi iṣẹ́ mi, abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń gún fún èèyàn, ara rẹ̀ á kú, á máa wo ọ̀bẹ bó ṣe ń là á. Bó ṣe rí lára mi nìyẹn, àmọ́ mi ò mọ ẹni tó gún mi.

Ìpele òkè nìkan ni wọ́n ń fi hàn wá lórí tẹlifíṣàn dáadáa. Tìpele kejì, orí fóònù la ti ń wá a. Díípọ̀ fi wáyà so fóònù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣàn Alhaji, àwòrán á máa dì bí ọbẹ̀ nínú fíríìjì. Èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ọ̀kan ní iṣẹ́ yí padà, ọ̀kan ní ọ̀nà jìn. Lóòótọ́, ọ̀nà ò jìn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní Sátidé kan, wọ́n fi ayò mẹ́rin lù wá. Díípọ̀ mí kanlẹ̀, ó ní, “Wọ́n tún ti fìdí rẹmi.”

Alhaji ní, “Ta ni wọ́n?”

Díípọ̀ rẹ́rìn-ín. “Alhaji, ọ̀wọ̀ ni o. Ẹgbẹ́ yìí ti wà kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi. Ṣé kí n máa pe àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ ní ‘ó’ ni? ‘Wọ́n’ ni mo pè wọ́n.”

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ náà gbọ́n. Àwa tó kù rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀yin tí ẹ ò gbọ́ Yorùbá dáadáa, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín: ‘wọn’ tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, òun náà ni ‘wọn’ tí a fi ń pe ará ìta. Ẹnu kan náà ló ń jáde. Ojú ẹni tó sọ ọ́ lo máa fi mọ̀ ọ́n.

Alhaji ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bó bá jẹ́ ọ̀wọ̀ ni, dọ̀bálẹ̀ fún wọn.”

Díípọ̀, ọmọ aláwàdà, na gbalaja síwájú tẹlifíṣàn, ó ní, “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin Ẹlẹ́wù Osùn, ẹ kú ìyà.” Àwọn kan da ògì sára nítorí ẹ̀rín. Alhaji dìde, ó fa wáyà yọ, àwòrán kú. Ó ní, “Díípọ̀, lọ fọ abọ́.” Díípọ̀ ti dìde, ó ń gbọn ẹ̀wù. Ó ní, “Alhaji, mi ò fọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ta ló ṣì ń jẹ́ ‘a’ níbí?” Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àmọ́ Alhaji ò bá a jà. Ó kàn jókòó. Díípọ̀ ká wáyà rẹ̀ sápò, ó kí wa, ó lọ. Ní Sátidé kejì, a gbọ́ pé ó ti ra tẹlifíṣàn ńlá sílé, àwọn yòókù ń lọ bá a níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà tó yá, àwọn náà ò lọ mọ́, kálukú ń wo tirẹ̀.

Ó wá ku èmi àti Alhaji. Ojú mi ò gbé ọkọ̀ wíwà ní òkùnkùn mọ́, reluwé ni mo ń wọ̀ lọ, n óò pààrọ̀ rẹ̀ ní àárín ìlú. A ó jókòó nínú àga méje-mẹ́jọ, a ó wo fóònù kékeré kan tí Alhaji gbé ti agolo epo. Bí mo bá fẹ́ lọ, á fi oríkì mi pè mí, á ní, “Ó di Sátidé.” Ìyẹn ti tó mi.

Nígbà òtútù tó kọjá, ó ń fi epo ra orúnkún rẹ̀, ó ní, “Àwọn ọmọ mi ní kí n máa bọ̀ ní Ọ̀fà. Wọ́n ní kí ni mò ń dúró ṣe.”

Mo ní, “Kí lẹ wá sọ fún wọn?”

“Mo ní bí a bá gòkè lọ́dún yìí, mi ò lọ. Tẹlifíṣàn á padà, èèyàn á padà, Díípọ̀ gan-an á padà wá fọ abọ́ tó jẹ mí. Bí a ò bá gòkè, màá ta ṣọ́ọ̀bù, màá máa lọ.”

“Alhaji, ṣé ẹ búra?”

“Ṣé ọ̀rọ̀ mi ò tó ìbúra ni?”

Ẹ ò rí i pé bọ́ọ̀lù ti di nǹkan míì nígbà náà. N kò bìkítà fún Ẹlẹ́wù Osùn mọ́ ju bí mo ṣe bìkítà fún kòtò ojú ọ̀nà lọ. Alhaji ni mi ò fẹ́ kó lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kí ìjọ bá mi gbàdúrà fún ìgbéga. Gbogbo wọn pariwo àmín. Lẹ́yìn ìsìn, pásítọ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, “Bàbá, ìgbéga wo? Ṣebí ẹ ti fẹ̀yìn tì?” Ojú tì mí láti ní bọ́ọ̀lù ni. Mo ní nípa tẹ̀mí ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi mí sára àwọn alàgbà tó ń gba owó ọrẹ. Ìgbéga mi nìyẹn.

Àdúrà náà gbà, àmọ́ ẹ ò mọ bó ṣe gbà. A já ara wa gbà dé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn, èyí tí ẹni tó bá borí níbẹ̀ á gòkè, ẹni tó bá pàdánù á dúró síbi tó wà. Sátidé ni. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, Alhaji ti gbá ilẹ̀, ó ti nu gbogbo àga, ó dín àkàrà rẹpẹtẹ bí ẹni ń retí àlejò. Kò sẹ́ni tó wá. Ayò kan sí ọ̀kan títí àsìkò fi pé. Wọ́n fi àsìkò kún un. Nígbà tó kù díẹ̀, ọmọkùnrin kékeré kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọlé fi orí kan bọ́ọ̀lù, ó wọ àwọ̀n. N kò wo fóònù mọ́. Alhaji ni mò ń wò.

Kò dìde. Ó ń wo agolo epo yẹn. Nígbà tí rẹfirí fọn fèrè, ó ní, “Wọ́n gòkè.”

Mo ní, “Ta ni wọ́n, Alhaji?”

Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó pa fóònù. Ó ní, “Mo ti ta ṣọ́ọ̀bù. Ó ti tó oṣù kan. Orúnkún mi ò gba ilẹ̀ yìí mọ́, àwọn ọmọ-ọmọ mi ń dàgbà, wọn ò mọ̀ mí.” “Ohun tí mò ń tọrọ láti àárọ̀ ni pé kí wọ́n pàdánù, kó má baà jẹ́ pé èmi ni mo yẹ àdéhùn.”

Áà! Mo ní ẹnu láti sọ̀rọ̀. Mo lè ní, Alhaji, ẹ ṣèlérí, ẹ ní ọ̀rọ̀ yín tó ìbúra. Mo wo orúnkún rẹ̀ tó wú. Mo wo àkàrà. Mo ní, “Kò burú.” Ó ní, “Ṣé inú ń bí ọ?” Mo wá inú mi wò, kò sí ìbínú níbẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo dìde, mo kó abọ́. Òun ló ní ‘wọ́n’, èmi ni mo fọ abọ́.

Mo sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú. Nígbà tó ti kọjá síbi tí wọ́n ti ń bọ́ bàtà, ó yíjú padà, ó fi oríkì mi pè mí, ohùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ọlọ́pàá méjì wẹ̀yìn. Obìnrin kan tó ń ti ọmọ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ dúró, ó ń wò mí bóyá nǹkan ló ṣe mí. Mo juwọ́ sí i. Mo wọ reluwé padà sílé. Wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn báyìí. Mo kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òórùn ọṣẹ ló ń rùn.

Láàárọ̀ yìí, kí ẹ tó jí, fóònù dún. Alhaji ni, láti Ọ̀fà, ojú rẹ̀ yọ sí mi gedegbe. Ó ti sanra. Ó fi ilé hàn mí, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ yí i ká, gbogbo wọn wọ ẹ̀wù osùn kéékèèké, wọ́n tẹ́ ẹní síwájú tẹlifíṣàn, ariwo ń sọ. Mo rí i pé ara rẹ̀ yá. Mo gbé fóònù sún mọ́ ara mi, mò ń retí kó fi oríkì mi pè mí.

Ẹ ò lè mọ èyí, a ò kọ́ yín. Bí ọmọdé bá wà ní ìjókòó, àgbà kì í pe ojúgbà rẹ̀ ní ‘ìwọ’, kì í sì í pe oríkì rẹ̀ gbangba, kí ọmọ má baà gbà á sẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Bí mo bá wà ní ipò rẹ̀, ohun tí èmi náà ó ṣe nìyẹn. Alhaji wo àwọn ọmọ, ó tún wò mí. Ó rọra tẹrí ba, ó ní, “Ẹ káàsán o, Bàbá. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?”

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ níbí rárá. Mo ní, “Ẹ káàsán, Alhaji.”